Bí A Ṣe Ń Fi Iṣẹ́ Ojoojúmọ́ Tọ́jú Ọmọ Àkàndá Nígbà Tí Owó Kò Sí

Nígbà tí mo bá kọ́kọ́ dé ilé ọmọ àkàndá, n kì í fọwọ́ kan ọmọ náà. Màá jókòó, màá ní kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ròyìn ọjọ́ àná fún mi, láti ìgbà tí ọmọ lajú títí tó fi sùn. Ta ló gbé e dìde? Ibo ni wọ́n gbé e sí? Báwo ló ṣe jẹun, ṣé ó sì pẹ́ kó tó jẹ ẹ́ tán? Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣeré, ibo ló wà? Ìròyìn náà kì í tíì dé ìrọ̀lẹ́ tí màá ti rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ occupational therapy ni mò ń ṣe, OT là ń pè é ní kúkúrú. Àwọn òbí mìíràn a máa rò pé mo wá na ẹsẹ̀ ọmọ ni, tàbí pé ẹ̀rọ ló kún inú báàgì mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju tépù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn aṣọ, ọ̀bẹ tí mo fi ń gé páálí, àti pẹ́ńsù lọ. Bí ọmọ yóò ṣe jẹun, tí yóò wọṣọ, tí yóò ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí yóò ṣeré, tí yóò sì kàwé ni iṣẹ́ wa dá lé, pẹ̀lú ara tó ní lónìí, nínú ilé tó ń gbé. Ìdí nìyẹn tí àìlówó kò fi lè dí wa lọ́nà pátápátá. Ẹni tó ń wẹ ọmọ, tó ń bọ́ ọ, tó ń pààrọ̀ aṣọ fún un lójoojúmọ́ ti ń ṣe ìtọ́jú ju bí èmi ṣe lè ṣe é lọ. Bó ṣe ń ṣe é nìkan la fẹ́ tún ṣe.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo

Nínú ìròyìn ọjọ́ àná yẹn, ẹ mú ohun kan tó le jù. Ẹ má sọ pé "mo fẹ́ kí ara rẹ̀ yá." Ẹ sọ ohun tí ojú lè rí: "Mo fẹ́ kó lè jókòó nígbà tí mo bá ń bọ́ ọ, kí ọwọ́ mi lè ráyè." "Mo fẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife dé ẹnu." "Mo fẹ́ kó sọ fún mi kó tó tọ̀." Ohun kan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òbí tí wọ́n bá kó oríṣi ìdárayá mẹ́wàá lé lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀kankan, n kò sì dá a lẹ́bi. Ó ní iṣẹ́, ó ní àwọn ọmọ mìíràn.

Ẹ bi ọmọ náà pẹ̀lú. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀, kí ẹ wo èyí tí ojú rẹ̀ lọ sí. Ìyá ọmọkùnrin kan fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ bọ́tìnnì dí. Ọmọ náà ní tirẹ̀ fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. A fi í ṣọ́ gólì. Orí páálí ló jókòó sí láàárín òkúta méjì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì mú bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì tí kì í fẹ́ lò tẹ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí a padà sórí bọ́tìnnì, ọwọ́ òsì náà ti mọ iṣẹ́.

Ṣé yóò rìn?

Gbogbo òbí ló ń bi mí, àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó tán. Fún ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára inú ọpọlọ láti kékeré tí kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn dáadáa, ìdáhùn wà tó ju "ẹ máa gbàdúrà" lọ. Ní 1997, olùwádìí Robert Palisano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ń jókòó tí wọ́n sì ń rìn sí ìpele 5, kárí ayé ni wọ́n sì ti ń lò ó báyìí. Ọmọ ìpele 1 ń rìn, ó ń sáré, ó kàn lè máa kọsẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ti ìpele 3 ń di ohun kan mú rìn, bí ọ̀pá tàbí férémù. Ti ìpele 5, ọrùn pàápàá kò dúró dáadáa. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e tàbí kí wọ́n máa tì í nínú kẹ̀kẹ́. Tí ọmọ bá ti kọjá ọdún 2, ìpele tó wà kì í sábà yí padà. Mo máa ń sọ ọ́ fún òbí bó ṣe rí. Òbí tó bá mọ̀ pé ọmọ òun yóò nílò kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara yóò ti máa wá a láti ìsinsìnyí, dípò kó kó owó tó wà nílé fún ẹni tó ní òun máa fa ẹsẹ̀ náà títí yóò fi nà.

Ẹ gbọ́, fífa ẹsẹ̀ yẹn. Egungun ọmọ tí kì í dìde dúró kì í lágbára, ó lè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń fi agídí fà á. Fífi ọwọ́ na oríkèé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóòjọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Bí ọmọ ṣe jókòó, bó ṣe sùn, bí wọ́n ṣe gbé e fún wákàtí tó pọ̀ ló ń tún ara ṣe tàbí kó bà á jẹ́.

Ìjókòó ló ṣáájú

Ọmọ tó bá dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àjà ilé ló ń wò. Kò rọrùn fún un láti gbé oúnjẹ mì, ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè ṣe nǹkan, òtútù àyà sì máa ń tètè mú un. Nítorí náà, bí ilé kan bá ní agbára ohun kan ṣoṣo, àga ni mo máa ń mú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gbé e. Ọmọ tí ara rẹ̀ le máa ń na gbọnrangandan sẹ́yìn bí ẹ bá ti fẹ́ gbé e jókòó. Ẹ má tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ńṣe ni yóò tún le sí i. Ẹ fi ọwọ́ sábẹ́ itan méjèèjì, ẹ ká orúnkún rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń ṣe é. Tí ìbàdí bá ti ká, ẹ̀yìn yóò dẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e rìn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níwájú yín, èkejì lẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ lè máa wo ọ̀nà. Ẹ má gbé e gbalaja bí ọmọ ìkókó tí kì í bá ṣe ìkókó mọ́.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n nígbà tó bá jókòó lórí itan ẹnì kan, kí orúnkún rẹ̀ ká:

- Gígùn ibi ìjókòó: láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, kí ẹ yọ ìbú ìka méjì kúrò. Tí ẹ kò bá yọ ọ́, etí àga yóò máa gún un lẹ́yìn orúnkún, yóò sì máa yọ̀ síwájú.
- Gíga rẹ̀: láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀ pátápátá. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ jọ̀ọ̀ lókè kò lè fi ọkàn sí nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.
- Fífẹ̀ rẹ̀: ìbú ìbàdí, kí ẹ fi ìka kan kún un lápá kọ̀ọ̀kan.
- Ẹ̀yìn àga: kó dé èjìká bí ọmọ bá lè gbé orí dúró, bí kò bá lè gbé e, kó ga ju orí lọ.
- Tábìlì iwájú: kó bá ìgúnpá dọ́gba nígbà tí èjìká bá wà nílẹ̀.

Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gba ibi tí itan ti pàdé ìbàdí. Èyí tó bá gba ikùn yóò fún ọmọ nínú, yóò sì tún jẹ́ kó máa yọ̀ wálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbé ara wọn, ẹ fi ohun rírọ̀ kan sáàárín orúnkún méjèèjì. Àárín orúnkún ni mo sọ, kì í ṣe abẹ́.

Ẹ kò nílò káfíńtà. Bevill Packer ló gbé ọ̀nà kan jáde ní Zimbabwe tí a fi ń fi páálí àti bébà tí wọ́n ti lò tán ṣe àga tó lágbára bí igi. Ẹ wá páálí tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ọjà. Ẹ po ìyẹ̀fun mọ́ omi, ẹ sè é títí yóò fi ki tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ gé páálí náà ní ìwọ̀n kan náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ léra wọn ní ìpele márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí ìlà inú páálí kan dùbúlẹ̀, kí ti èyí tó tẹ̀ lé e dúró, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Agbára rẹ̀ wà nínú ìdábùú yẹn. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé e kó má bàa ká sókè, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: òkè ti gbẹ, inú ṣì tutù, ní oṣù tó ń bọ̀ ó ti hu ebu. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to àga náà tán, ẹ fi bébà wẹ́wẹ́ lẹ gbogbo orígun rẹ̀, ẹ kùn ún ní ọ̀dà olóròóró nítorí omi àti itọ̀. Kí àgbàlagbà jókòó lé e kí ọmọ tó jókòó. Bí kò bá gba àgbàlagbà, kò tíì tó.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de àga kó gbẹ, igun ògiri tó ní aṣọ tí a ká lápá méjèèjì dára ju ẹní lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa fi kún un. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà nínú àga látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ẹ bá gbé e kúrò, ẹ yẹ ìdí, ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ìwé máa ń ní kí ẹ wá ibi tó pupa. Lára aláwọ̀ dúdú, pípupa lè má hàn. Ibi tó dúdú ju ibi yòókù lọ, tó gbóná tàbí tó le lọ́wọ́ ni kí ẹ wá. Bí àpá náà kò bá lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àga ń dùn ún níbẹ̀, ẹ tún un ṣe kó tó di egbò.

Oúnjẹ

Ẹ má bọ́ ọmọ ní ìdùbúlẹ̀, bó ti wù kí ìkánjú pọ̀ tó. Ẹ má sì dí i nímú kó lè gbé e mì. Oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa á, kódà kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń wúkọ́ nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀.

Kí ọmọ jókòó ṣánṣán, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí àgbọ̀n wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ ọ náà kó jókòó níwájú rẹ̀ níbi tí ojú ti lè kan ojú. Bí ẹ bá dúró, ọmọ yóò máa gbójú sókè wò yín, orí rẹ̀ yóò lọ sẹ́yìn, ọ̀nà èémí rẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀ fún oúnjẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ni, jíjókòó tí ẹni tó ń bọ́ ọmọ jókòó yìí ló rọrùn jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń tètè gbàgbé.

Oúnjẹ díẹ̀ lórí ṣíbí pẹlẹbẹ. Kó ti iwájú wá, láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ṣíbí tẹ àárín ahọ́n díẹ̀, ẹ dúró kí ètè pa dé, ẹ wá fà á jáde láì ha á mọ́ eyín òkè. Ẹ dúró kó gbé e mì tán. Ọmọ tí kò lè jẹ nǹkan lẹ́nu dáadáa, kí oúnjẹ rẹ̀ kúnná, kó ki. Èyí tó lómi tó tún ní kókó nínú ló léwu jù, nítorí omi ti sáré lọ kí ẹnu tó rí ti kókó ṣe. Omi lásán náà ń yára. Ẹ wá ife ike kan, kí ẹ gé apá kan etí rẹ̀ kúrò níbi tí imú yóò gbà, kí ọmọ lè mu ún láì gbé orí sẹ́yìn. Ẹ fi iná ra ibi tí ẹ gé kó má bàa ge é. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, tí ó ń wúkọ́ nídìí gbogbo oúnjẹ, tí ibà àti òtútù àyà ń padà wá, tàbí tó bá ń rù, ẹ má fi mọ sí ilé. Ilé ìwòsàn nìyẹn.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kó dà á sílẹ̀ bó bá fẹ́ dà á sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tàbí rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ọwọ́ ṣíbí kó nípọn. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má bàa máa sá. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìgúnpá, kì í ṣe láti ìka.

Aṣọ wíwọ̀, láti ìparí

Ọwọ́ tó le ni kó kọ́kọ́ wọ inú aṣọ. Òun ni kó sì gbẹ̀yìn jáde. Aṣọ tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní bọ́tìnnì, ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ jókòó sí igun ògiri kó má bàa máa bẹ̀rù àtiṣubú.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí iṣẹ́ náà. Ẹ wọ ṣòkòtò fún un títí yóò fi ku kó fà á gba ìdí kọjá, kí òun parí rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ dúró níbi orúnkún, kí òun fà á láti ibẹ̀. Lójoojúmọ́ ni yóò máa rí i pé òun ló wọ ọ́ tán. Ọmọ tí a bá kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìkùnà ló máa ń bá parí, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òpin. Fífọ ọwọ́ àti ìgbọ̀nsẹ̀ náà, bákan náà ni. Fún ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gé ihò sí àga páálí kan, kí ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.

Ní ti wíwẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi fún ẹni tó ń wẹ ọmọ ni: ẹ gbé ọpọ́n sókè lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yìn yín ni ọmọ yìí yóò gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá

Kì í ṣe gbogbo ọmọ àkàndá ni ara rẹ̀ le tàbí rọ̀. Ọmọ tó ní ọ́tíísìmù, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti nǹkan ní ọ̀nà tó yàtọ̀, lè máa sáré káàkiri, síbẹ̀ kí aṣọ wíwọ̀ di ogun lójoojúmọ́. Ẹ ya ọjọ́ rẹ̀ sára páálí: jí, wẹ̀, wọṣọ, jẹun, ṣeré. Ẹ gbé e kọ́ síbi tó lè fọwọ́ kàn. Kí ẹ tó kúrò nídìí ohun kan, ẹ fi èyí tó kàn hàn án. Ẹ wo ohun tí ara rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹkún orí aṣọ jẹ́ ti lébẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ọrùn. Ẹ gé e kúrò.

Ilé ẹ̀kọ́

Àpótí lábẹ́ ẹsẹ̀, pẹ́ńsù tí a fi aṣọ wé, bébà tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ tábìlì, àyè níwájú kíláàsì: ọ̀pọ̀ ọmọ kò nílò ju ìyẹn lọ. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní òun kò gba irú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ti 2006, sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní abala 24, ó sì de ìjọba tó bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà dání. Ẹ mú àga náà dání pẹ̀lú. Mo ti rí i pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń tètè gbà nígbà tó bá rí ibi tí ọmọ yóò jókòó sí.

Ìgbà tí ilé kò tó

Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó nígbà tó pé oṣù 10, tàbí tí kò tíì rìn ní oṣù 18, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ máà sọ pé ìran yín ló ń pẹ́ rìn. Ìkókó tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan, tí ọwọ́ kejì máa ń dì, ẹ gbé òun náà lọ. Ọmọ tó ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ. Bí wárápá bá gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá sì ti ń lo oògùn wárápá, ẹ má dá a dúró lójijì nítorí pé ara rẹ̀ yá.

Ọ̀pọ̀ yín yóò rí oníṣẹ́ OT lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bóyá kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ gbé àga, ṣíbí àti ife rẹ̀ dání. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun nílé, nítorí ọmọ kì í sábà jẹun fún àlejò. Tí oníṣẹ́ náà bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wòran, ẹ dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é, kí ẹ máa sọ ibi tí kò tọ́." Kí ẹ tó kúrò, ẹ béèrè ohun tí ẹ ó máa ṣọ́, àti ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe mọ́. Bí ẹ bá délé, kí ẹnìkejì nínú ilé, bàbá, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣe é lójú yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ tún wọn ọmọ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Páálí kì í dàgbà, òun ń dàgbà.